Ní Abaji, Ta Ni Yóò Gbàdúrà fún Àlejò?

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ lọ sí Àbújá rí yóò ti rí Abaji, ì báà jẹ́ ojú oorun ló fi rí i. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Lọ́kọ́ja, tó gorí afárá Murtala Muhammed ní Jamata kọjá odò Ọya, tó la Koton Karfe àti Gegu já, Abaji ni ìlú tí a ó kọ́kọ́ bá nínú ilẹ̀ olú-ìlú ìjọba àpapọ̀. Àwọn èrò á jí, wọn á na ẹsẹ̀, wọn á gbé fóònù sétí: "A ti wọ Àbújá o, ẹ máa gbé omi ọbẹ̀ kaná." Òótọ́ ni, irọ́ sì ni. Ilẹ̀ Àbújá la wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ku nǹkan bíi 100 kìlómítà kí a tó rí àwọn ilé gogoro tí ẹni tó wà nílé rò pé a ti dé ìdí wọn.

Èmi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ní tèmi. Dẹ́rẹ́bà wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé, nítorí owó Àbújá ni mo san. Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ kò ṣeé ṣàlàyé fún dẹ́rẹ́bà tó ń kánjú: mo fẹ́ mọ ohun tí ilé ìwòsàn ìjọba ń ṣe nípa ẹ̀sìn àwọn tó ń tọ́jú, pàápàá níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ti í ṣe ará ìlú.

Tírélà àti ọkọ̀ agbépo gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá títì, àwọn awakọ̀ wọn ń sùn lábẹ́ wọn lórí ẹní. Àwọn ọmọbìnrin gbé ọsàn bíbó lérí, wọ́n ń sá tẹ̀lé bọ́ọ̀sì tí kò tíì dúró dáadáa. Èdè Haúsá ni mo gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ń tajà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yíjú sí ara wọn, Ẹ̀gbìrà Koto tàbí Ganagana ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Obìnrin kan tó ń dín àkàrà gbọ́ tí mo ń dá sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o, bàbá. Ìlọrin ni tèmi." Mo ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ ju èyí tí mo lè jẹ lọ.

Ìlọrin tó dárúkọ yẹn, kò jìnnà sí ìtàn ìlú náà bí a ṣe lè rò. Kí òfin ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 tó gé ilẹ̀ olú-ìlú tuntun jáde, abẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara ni apá ibí yìí wà, ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ìlọrin àti Ọ̀fà. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Agúdà darí ní 1975 ló wá ilẹ̀ náà kàn, ohun tí wọ́n sì ń wá ni ibi tí ẹ̀yà kan kò ti ní lè na ìka pé tòun ni, tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà á ti rí ara wọn bí onílé. Abaji wá di ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà nínú ilẹ̀ náà, òun ló sì kéré jù nínú gbogbo wọn ní iye èrò: ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 58,642 níbẹ̀.

Àwọn 58,642 wọ̀nyẹn nìkan kọ́ ni Abaji ń tọ́jú ṣá. Ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Kaduna, ẹni tó ń ti Onitsha lọ sí Kano, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀, oníṣòwò ẹja, ọkọ̀ òkú tó ń lọ sílé, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Láti 2006 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ fífẹ ọ̀nà Àbújá sí Lọ́kọ́ja jáde, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún falẹ̀. Ìròyìn jàǹbá ọkọ̀ láti Abaji, Yangoji àti Kwali kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn. Bí bọ́ọ̀sì bá kọlu tírélà lóru, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó á kó àwọn tó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá súnmọ́ jù. Ẹni tó jẹ́ bàbá ìjọ lánàá ní Agége á wá dùbúlẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí ẹni yẹn ni mo ṣe lọ. Ará Abaji tó bá ń ṣàìsàn ní Abaji kò nílò kí ìjọba bá a wá àlùfáà. Ìmáàmù àdúgbò rẹ̀ á dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Bó bá jẹ́ onígbàgbọ́, ẹgbẹ́ àwọn ìyá á ti kún iwájú wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọlé ní méjì méjì. Àlejò ni kò ní ìjọ nítòsí. Bí a bá sì ní kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú èèyàn tirẹ̀, bí a ti ń ṣe ní Nàìjíríà láti ìgbà pípẹ́, àlejò yìí gan-an ni kò ní rí ẹni tọ́jú rẹ̀.

Mo ní ìbátan kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó ju ẹyọ kan lọ lójú ọ̀nà yẹn, n kò sì ní dárúkọ èyíkéyìí nínú wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti iṣẹ́ òru ni nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí o? Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó sì gba àkàrà.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, ó wọ yàrá, ó sì mú káàdì òfìfo kan jáde, irú èyí tí a máa ń rà níbi ìforúkọsílẹ̀ kí dókítà tó rí wa. Òfìfo ló gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí òfin ìlera ọdún 2014 sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn di àṣírí, òun náà kò sì jẹ́ fi ti ẹnikẹ́ni hàn mí. Orúkọ wà lókè, ọjọ́ orí tẹ̀lé e, iṣẹ́, ẹ̀yà, àdírẹ́sì, lẹ́yìn náà ẹ̀sìn, lẹ́yìn ìyẹn orúkọ ará ilé tí wọ́n lè pè. Ó fi ìka tí òróró àkàrà ti kùn kan ìlà ẹ̀sìn. "Gbogbo èèyàn la máa ń bi í. A ó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó parí nìyẹn."

Mo bi í pé ta ló wá ń ka ìlà yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́ tán.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn tó wà ní mọ́ṣúárì."

Ìyẹn náà, ó ní, bí nǹkan bá wà níbẹ̀ láti kà ni. Ẹni tí wọ́n gbé wá láti ojú títì láì lè sọ̀rọ̀, "kò mọ̀" ni wọ́n máa ń kọ síwájú ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí kí ẹni tó wà nídìí ìwé wo aṣọ àti orúkọ rẹ̀, kó sì méfò. Láàárín àwọn Haúsá àti àwọn Ígbò, àméfò yẹn sábà máa ń bá a. Ti àwa Yorùbá ló le. Kí ni ẹ fẹ́ rí ká lára ẹni tí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kà pé Adéwálé tàbí Ọláníyì? Bàbá lè jẹ́ Àlùhájì, kí ìyá jẹ́ ọmọ ìjọ Sẹ́lẹ́, kí àbúrò máa bọ Ọ̀ṣun, gbogbo wọn á sì jùmọ̀ jẹ ẹran Iléyá. Nílé, ìyẹn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dára jù lára wa. Ní yàrá pàjáwìrì ní aago méjì òru, a máa di ìdààmú.

Ó sọ ti ọkùnrin kan fún mi, láì dárúkọ. Orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n bá lápò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ onígbàgbọ́, nígbà tó rí i pé ẹ̀mí ń bọ́, ó pe pásítọ̀ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Pásítọ̀ náà dìde lórí ibùsùn, ó wá, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ kejì ni àwọn ará ilé dé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀, wọ́n tilẹ̀ súre fún un. Àmọ́ ìyá rẹ̀ kò yé béèrè, lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun, bóyá ẹnikẹ́ni rán ọmọ òun létí pé kó wí kálímà ṣàhádà. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn.

Àwọn tó máa ń sọ pé Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn, kí wọ́n lọ sọ ọ́ fún ìyá yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ní àkókò tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fi sílẹ̀ fún bó bá ṣe bọ́ sí i. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì gbọ́dọ̀ dé kó sì fi òróró pa aláìsàn lára nígbà tó ṣì wà láàyè. Mùsùlùmí tó bá kú, wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tètè wẹ̀ ẹ́, kí ọkùnrin wẹ ọkùnrin, kí obìnrin wẹ obìnrin, kí wọ́n kírun sí i lára, kí wọ́n sì sin ín láì fi oògùn mọ́ṣúárì kàn án. Òkú àlejò tí kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ lè sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní tirẹ̀, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ni ọ̀rọ̀ ti wà.

Ti Ẹlẹ́rìí Jèhófà yìí tilẹ̀ ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà. Obìnrin kan kọ̀ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, Dókítà Okonkwo tó ń tọ́jú rẹ̀ sì gbà fún un; obìnrin náà kú, ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí sì fìyà jẹ dókítà. Ní 2001 ni ilé ẹjọ́ dá a láre, wọ́n ní àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìtọ́jú tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ohun tó wù mí lára àwọn Ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni pé wọn kò dúró de ìjọba. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn tó ń bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn wọn sì máa ń gbé ìwé pélébé sápò tó sọ ohun tí wọ́n gbà àti èyí tí wọn kò gbà. Owó ìjọba kò sí níbẹ̀. Ètò tó gún régé ni, ṣùgbọ́n ti ara wọn nìkan ló wà fún.

Ti àwa yòókù ńkọ́? Ẹ̀sìn kò wọ́n ní wọ́ọ̀dù wa, kí n má parọ́. Láti Èkó dé Ìlọrin, n kò tíì wọ ilé ìwòsàn ìjọba kan tí n kò ti gbọ́ orin òwúrọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn obìnrin FOMWAN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mùsùlùmí tó ti wà láti 1985, máa ń gbé ọṣẹ àti oúnjẹ lọ bẹ àwọn aláìsàn wò. Àwọn ìjọ máa ń san owó ìtọ́jú fún ẹni tí wọ́n há mọ́lé nítorí gbèsè. Ire ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á tún wọlé lákòókò àbẹ̀wò, á dúró láàárín wọ́ọ̀dù, á gbé ohùn sókè, á ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ìwòsàn ronú pìwà dà. Aláìsàn tí wọ́n so omi mọ́ lọ́wọ́ kò lè dìde jáde. Mùsùlùmí tó wà ní ibùsùn kejì á bo ojú. Onígbàgbọ́ gan-an tí irora ń pa á fẹ́ kó dákẹ́. Ẹni tó ń ṣe báyìí, mo rò pé jàgídíjàgan ni, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìjọba Nàìjíríà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìtọ́jú ẹ̀sìn dáadáa níbòmíràn. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní ẹ̀ka mẹ́ta fún un: ọ̀kan fún àwọn Kátólíìkì, ọ̀kan fún àwọn onígbàgbọ́ yòókù, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àlùfáà àti ìmáàmù ibẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ológun, wọ́n ní ipò, wọ́n ń gba owó oṣù, wọ́n sì ń fẹ̀yìntì pẹ̀lú owó ìfẹ̀yìntì. Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ní àlùfáà àti ìmáàmù tiwọn. Abala 10 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ìjọba kankan kò gbọdọ̀ gba ẹ̀sìn kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ìjọba, abala 38 sì fún gbogbo èèyàn ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn tó bá wù ú. Kò sẹ́ni tó rí ìjà láàárín abala méjèèjì yìí àti ìmáàmù tó wà ní bárékè. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ogun kò lè jáde lọ wá mọ́ṣáláṣí nígbà tó bá wù ú, ẹlẹ́wọ̀n náà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán ní yàrá pàjáwìrì, ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni?

Ní Bìrìtìkó, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ètò ìlera ọ̀fẹ́ wọn, NHS, fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Keje 1948, wọ́n ní kí àwọn tó ń darí ilé ìwòsàn yan àlùfáà, kí owó rẹ̀ sì máa ti inú owó ilé ìwòsàn wá. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà náà. Bí àwọn ará Pakistan, India àti àwa náà ṣe ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni ìmáàmù àti àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní 2002, ìjọba Scotland pàṣẹ pé kí ìgbìmọ̀ ìlera kọ̀ọ̀kan ní ètò tó kọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọkàn, fún ẹlẹ́sìn àti ẹni tí kò ní ẹ̀sìn. Ní 2018, ilé ìwòsàn ìjọba ní Buckinghamshire fi Lindsay van Dijk, tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, ṣe olórí àwọn àlùfáà rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ìyá mi á bi mí pé àdúrà wo ni yóò wá gbà. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í sábà jẹ́ àdúrà, ìjókòó ti èèyàn ni, kí a sì mọ ẹni tó yẹ kí a pè. Òfin kan tó le fún wọn ni pé wọn kò gbọdọ̀ yí ẹnikẹ́ni lẹ́sìn padà. Ẹni tó bá ṣe é lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ń jà lórí owó náà níbẹ̀ o. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ National Secular Society ti ń pariwo láti ọdún pípẹ́ pé nọ́ọ̀sì ni kí NHS fi owó náà gbà, kí ìjọ máa san owó àlùfáà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè.

Nípa kíkọ́ iṣẹ́ náà, Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ là á. Anton Boisen, àlùfáà kan tí àìsàn ọpọlọ ti gbé dè sílé ìwòsàn rí, ló kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Worcester ní 1925, pé kí wọ́n wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ aláìsàn kí wọ́n tó gun àga ìwàásù. Láti inú ìyẹn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn àlùfáà ilé ìwòsàn ti gbilẹ̀.

A kò sì tilẹ̀ ní láti jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Aro, l'Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954: aláìsàn ń gbé abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, ó ń gba oògùn òyìnbó, Lambo sì mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọlé láti bá a ṣiṣẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó gbà pé ayé ló ń ṣe òun kò ní gbà pé ara òun ti yá bí kò bá sí ẹni tó gbọ́ èdè yẹn. A ti gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn: ìgbàkigbà tí wọ́n bá ti fẹ́ pín nǹkan ẹ̀sìn ní Nàìjíríà lónìí, ọ̀nà méjì péré ni wọ́n máa ń pín in sí. NIREC, ìgbìmọ̀ àjọṣe àwọn ẹlẹ́sìn tó wà láti 1999, ní ọmọ ẹgbẹ́ 50, mùsùlùmí 25, onígbàgbọ́ 25, ó tán. Oníṣẹ̀ṣe kò sí níbẹ̀. Ètò àlùfáà ilé ìwòsàn tó bá tẹ̀lé ìpín yìí á tún já àlejò mìíràn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ìbátan mi, nítorí òun ló bi mí ní ìbéèrè tó le jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìbọ̀wọ́ tí a ń lò, aláìsàn ló ń rà á. Ẹ wá fẹ́ kí ìjọba sanwó fún pásítọ̀?" N kò ní èsì kíákíá. Ní oṣù Kẹrin 2001, ní Àbújá yìí kan náà, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jọ búra pé àwọn á máa ya ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná owó sọ́tọ̀ fún ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ẹni tó bá fa owó àlùfáà yọ lára owó ìbọ̀wọ́, ọ̀tá aláìsàn ni.

Ṣùgbọ́n owó ẹ̀sìn ti wà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ tó ń bójú tó ìrìnàjò Hajj, ó ní òmíràn fún àwọn onígbàgbọ́ tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù, ilẹ̀ olú-ìlú fúnra rẹ̀ sì tún ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 2024, nígbà tí owó dọ́là gbówó lórí, bílíọ̀nù 90 náírà ni ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti fi din owó Hajj kù. N kò bá ẹni tó lọ sí Mẹ́kà jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ọdún púpọ̀ tu owó jọ. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tára rẹ̀ le tó láti wọ bàálù ni gbogbo owó yẹn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò lè yí ara padà, ẹ̀sìn tirẹ̀ kò ní kọ́bọ̀ nínú ìṣúná.

Iye tí ètò náà máa náni kò tó nǹkan. Abaji kò nílò ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tuntun nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Ó nílò òṣìṣẹ́ kan tí owó oṣù rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń darí àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ olú-ìlú wá, tí yóò máa bójú tó Abaji, Kwali àti Gwagwalada pọ̀, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n wà. Kó ní fóònù tí wọ́n lè pè lóru. Kó ní ìwé orúkọ àwọn tó gbà láti wá: ìmáàmù, Fadá, pásítọ̀, obìnrin mùsùlùmí tó mọ òkú wẹ̀, oníṣẹ̀ṣe kan, àti ẹnì kan tó gbọ́ Ígbò, ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá. Kí wọ́n san owó ọ̀kadà fún ẹni tó bá wá, kí wọ́n fún un ní káàdì ìdánimọ̀, kí wọ́n sì kọ́ ọ ní ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe: kó má wàásù fún ẹni tí kò pè é, kó má gba ọrẹ, kó má sọ ohun tó rí níta. Àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí á fi èèyàn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ti ń ṣe é láì sí ẹni tó ṣètò wọn. Òṣìṣẹ́ tó máa so wọ́n pọ̀ nìkan ni ìjọ kankan kò ní san owó rẹ̀, nítorí kì í ṣe ti ìjọ kankan.

Ní ọ̀sán, mo wọ ọkọ̀ mìíràn ní Abaji, mo gba Kwali àti Gwagwalada wọ Àbújá. Mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ tó ti wà láti 1984 ni a kọ́kọ́ rí, òrùlé rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, lẹ́yìn náà ilé ìjọsìn àpapọ̀ àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 2005, wọn kò jìnnà síra wọn. Àwọn èrò inú ọkọ̀ yọ fóònù, wọ́n ya àwòrán méjèèjì. Ilé tó rẹwà ni wọ́n, orúkọ orílẹ̀-èdè ló sì wà lára wọn. Ẹni tí ń ṣèṣirò owó ní olú-ìlú, ilé wọ̀nyí ló ń rí lójú fèrèsé. Kò sí ìdí tó fi máa rántí wọ́ọ̀dù kan ní ìdí ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ olú-ìlú ti pin.

Títí ìjọba á fi rántí, ọwọ́ wa ni díẹ̀ nínú rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja lọ sí Àbújá, ẹ mú bébà kan, ẹ kọ orúkọ yín sí i, ẹ kọ nọ́ńbà ará ilé méjì, ẹ kọ ẹ̀sìn yín, kí ẹ sì kọ ẹni tí ẹ fẹ́ kí wọ́n pè bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Ẹ fi sápò, ẹ má fi sínú báàgì, nítorí ẹrù àti olówó ẹrù kì í sábà dé ilé ìwòsàn pọ̀.